Ike Mẹ́ta àti Imú Kan

Ní oko adìyẹ kan tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì tí erùpẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onímú. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Imú kékeré kan báyìí ni, tó jókòó sáàárín ojú rẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ pẹ́. Iṣẹ́ tí imú náà ń ṣe ló sọ ẹni tó ni ín lórúkọ.

Òun ló ń po oúnjẹ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta adìyẹ tó ń yé ẹyin ní oko náà, ó sì ti ń pò ó fún ọdún méjìlélógún. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí igi rẹ̀ ti ń dán bíi dígí. Yóò da àgbàdo lílọ̀ sílẹ̀, yóò da sóyà lé e, yóò da èérí ọkà, lẹ́búlẹ́bú egungun àti ìkarahun rírún sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí òkìtì náà láti ìhín dé ọ̀hún nígbà méje, yóò gbá gbogbo igun rẹ̀ wọ àárín, yóò sì tún un yí nígbà méje mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Òun gan-an kò sì kà á sí nǹkan kan. Ohun tó fi ń yangàn ni imú.

Nínú yàrá oúnjẹ náà, pẹpẹ onígi kan wà tí ike ọ̀dà funfun mẹ́ta wà lórí rẹ̀, wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní ni mẹtiónáìnì, èkejì ni láìsìn, èròjà amáradàgbà làwọn méjèèjì, ẹ̀kẹta sì ni oògùn tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ hu èébu, tí wọn kì í fọwọ́ kàn àfi ní ìgbà òjò. Kò sí àkọlé lára ìkankan nínú wọn. Ní ọdún kan, obìnrin tó ń kó ẹyin, ẹni tí wọ́n fi Abẹnugan ṣe ìnagijẹ rẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé bébà wá láti kọ orúkọ wọn sí wọn lára. Onímú lé e jáde. Ó ní ẹni tí kò ní imú ló ń kàwé lára ike.

Bó ṣe ń ṣe é ni pé bó bá ń bu mẹtiónáìnì sínú òkìtì, kì í wọ̀n ọ́n. Òórùn mẹtiónáìnì burú, ó dà bíi kábéèjì tó ti jẹrà sínú omi. Onímú á bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, á máa yí i, á wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí òórùn náà bá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó tó. Bó bá kọjá ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi tó wà níta, ó ti pọ̀jù, á tún bu àgbàdo lé e.

Bí àlejò bá sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí lohun olóòórùn yìí wúlò fún, inú rẹ̀ á dùn. Ó ní àpẹẹrẹ kan tí kì í pààrọ̀. Á ní, "Aránṣọ ni ìyàwó mi. Kí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún yáàdì aṣọ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, kí bọ́tìnì pọ̀ nílẹ̀ bíi yanrìn. Bí òwú bá tán, ìhòhò ni oníbàárà ń bá lọ sílé." Ó ní àgbàdo àti sóyà ni aṣọ àti bọ́tìnì adìyẹ, mẹtiónáìnì sì ni òwú rẹ̀. Ara adìyẹ kò lè dá a ṣe, ohun tó bá jẹ ló ti ń rí i. Òun ló fi ń rán ẹyin, òun náà ló fi ń rán ìyẹ́ ara rẹ̀. Bó bá wọ́n nínú oúnjẹ, ìyókù tó ń jẹ, òfò ni. Ẹyin á kọ́kọ́ kéré. Tó bá yá, àwọn adìyẹ á rántí pé ibì kan ṣì wà tí òwú kù sí, ẹ̀yìn aládùúgbò wọn nìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìyẹ́ ara wọn jẹ.

Àlejò á mi orí. Onímú á fọwọ́ kan imú.

Ẹni tó ni oko, ìyá àgbà kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Màmá, ti ń fojú sí ẹ̀rọ kan tó ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ rẹ̀ ni Onímú máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í ní imú. Ní ọdún tí a ń wí yìí, àkọ́bí Màmá bímọ sí ọ̀nà jíjìn, Màmá sì fẹ́ lọ tọ́jú ìyá àti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó tó lọ, ó pe Onímú. Ó ní ọjọ́ tóun bá dé, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olóko adìyẹ méje ni yóò jọ wá wo imú tí òun ti ń ròyìn fún wọn.

Màmá ní, "Bí imú rẹ bá yọ mí nínú ìtìjú lójú wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti tán láéláé. Bí kò bá yọ mí, mà á ra ẹ̀rọ, kí ìwọ náà lọ sinmi."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Onímú. Ó mọ ohun tí ìsinmi ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lọ sinmi ní ọdún kan, kò sì pé oṣù mẹ́fà tó fi di ẹni tí ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ọ̀sẹ̀ tí Màmá lọ ni ọ̀fìnkìn mú Onímú. Ọ̀fìnkìn ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ara dá, orí fúyẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń tayín, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wá, tó gbé ìkòkò ẹ̀wà kúrò lórí iná. Ẹ̀wà ti di èédú. Èéfín ti bo ojú fèrèsé.

Obìnrin náà ní, "Bàbá wọn, ẹ ò gbóòórùn ni?"

Ó ní òórùn kí ni.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó mú àlùbọ́sà kan, ó gé e sí méjì, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. Omi bọ́ lójú Onímú, ṣùgbọ́n kò gbóòórùn kankan. Obìnrin náà gbé ọṣẹ wá, ó gbé kẹrosíìnì wá, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ Onímú fúnra rẹ̀ wá. Gbogbo rẹ̀, bí ẹni fi afẹ́fẹ́ han afẹ́fẹ́ ni. Ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tí wọ́n jí ilé rẹ̀ gbé nígbà tó wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbà á níyànjú pé kó lọ sọ fún wọn lóko. Ó ní rárá. Ó ní imú kan ṣoṣo lóun ní, bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti kú, òun náà ni wọ́n ń sin. Ṣebí òun mọ ìdúró àwọn ike: ti àkọ́kọ́ lápá òsì ni mẹtiónáìnì, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, ọwọ́ òun sì mọ ìwọ̀n tí imú òun ń fẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń fi oúnjẹ tó ti pò sílẹ̀ bọ́ àwọn adìyẹ, Abẹnugan ti fi àánú gbá yàrá oúnjẹ náà, ó ti nu pẹpẹ, ó sì ti gbé àwọn ike padà sórí rẹ̀ bó ṣe rọrùn fún un. Láìsìn wà láàárín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà létí ti pààrọ̀ àyè. Láti ọjọ́ náà lọ, oògùn èébu ni Onímú ń bù sínú oúnjẹ adìyẹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oúnjẹ náà wá di ohun tí kò lè hu èébu títí ayé, ṣùgbọ́n òwú kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Abẹnugan gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó béèrè bóyá adìyẹ ló yé e tàbí ẹyẹ ìbákà tó kọjá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní ilé adìyẹ kẹta. Adìyẹ kan á dúró jẹ́ẹ́, òmíràn á rọra tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún un, á fa ìyẹ́ kan yọ, á gbé e mì. Eléyìí á yíjú padà, á wá ẹni tí òun náà yóò tú. Onímú mọ àmì náà dáadáa, òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn nípa rẹ̀. Ó gbà pé mẹtiónáìnì ni kò tó. Ó lọ sídìí pẹpẹ, ó sì fi ìlọ́po méjì bù ú. Láti inú ike àkọ́kọ́ ni.

Nígbà tó fi ku ọjọ́ márùn-ún kí Màmá dé, adìyẹ mẹ́tàlélógójì ló wà ní ìhòhò láti ọrùn dé ìdí. Awọ wọn pọ́n. Wọ́n ń rìn káàkiri bí àwọn arúgbó tí wọ́n gbàgbé aṣọ wọn sílé ìwẹ̀. Onímú padà délé, kò lè jẹun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní bí Màmá bá rí ẹ̀yìn àwọn adìyẹ yìí, kó tó dórí ọ̀rọ̀ imú ni yóò ti ránṣẹ́ pe ẹ̀rọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ̀yìn wọn nìkan ni kò gbọ́dọ̀ rí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà na ọwọ́ mú téèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aránṣọ tó ti rán aṣọ fún ọmọ iléèwé, nọ́ọ̀sì àti òkú, kò rí ìdí tí adìyẹ fi máa kọjá agbára òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà ní ilé adìyẹ kẹta, ó ń wọn àyà, ó ń wọn ẹ̀yìn, ó sì ń pe nọ́ńbà fún Onímú kó máa kọ ọ́. Onímú ní kó kàn rán mẹ́tàlélógójì tó bára mu. Obìnrin náà bínú. Ó ní iṣẹ́ jákujàku kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun, pé adìyẹ tó sanra yìí àti èyí tó rí pẹlẹbẹ yẹn, ṣé ojú kan náà ló fi ń wò wọ́n ni. Ó béèrè bóyá kí òun fi kọ́là sí i. Onímú ní rárá. Ó béèrè àpò ńkọ́. Onímú dorí kodò.

Aṣọ iléèwé tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ló fi rán wọn, aṣọ onígun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀ búlúù àti funfun. Ìyẹ́ apá ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ, ìdè kan wà lábẹ́ àyà. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo adìyẹ tó wà ní ìhòhò ti wọṣọ tán, àfi ẹyọ kan tó sanra ju bó ti ṣe wà lọ́jọ́ ìwọ̀n, tí ìyàwó Onímú sì ní òun á mú abẹ́rẹ́ wá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abẹnugan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó sì sọ pé ohun tó kù ni kí agogo lù kí wọ́n wọlé ẹ̀kọ́.

Aago mẹ́wàá ni Màmá dé pẹ̀lú àwọn méje. Olóko ńláńlá ni wọ́n, kálukú mú ìwé àti kálàmù dání. Ilé adìyẹ kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n dúró. Adìyẹ aláṣọ kan rìn kọjá níwájú wọn, kò kí wọn.

Màmá yíjú sí Onímú. "Kí lèyí?"

Onímú ti fi ọjọ́ mẹ́rin múra ìdáhùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé otútù òwúrọ̀ máa ń gba agbára lára adìyẹ, agbára tí wọn ì bá fi yé ẹyin, àti pé àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn lòun fi bẹ̀rẹ̀.  Alága ẹgbẹ́ náà, bàbá kan tó wọ gíláàsì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdè aṣọ náà, ó béèrè bóyá yáàdì kan lè tó adìyẹ mẹ́fà. Ìyàwó Onímú, tó wà ní igun tó ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ, dá a lóhùn pé ó tó mẹ́jọ bí èèyàn bá mọ bí a ṣe ń gé e. Àwọn méjèèje kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá kò kọ nǹkan kan. Ó ń wo ọrùn adìyẹ kan níbi tí aṣọ kò dé.

Ó ní kí wọ́n lọ sí yàrá oúnjẹ.

Níbẹ̀ ni ọkàn Onímú ti balẹ̀. Ike mẹ́ta wà lórí pẹpẹ, ó sì mọ ipò wọn bó ṣe mọ eyín ẹnu rẹ̀. Màmá ní kó fi imú rẹ̀ han àwọn àlejò. Ó ṣí ike àkọ́kọ́, ó pa ojú dé, ó tẹrí bọ̀ ọ́, ó sì fa èémí gígùn. Ó ní, "Mẹtiónáìnì. Ẹ ò gbọ́ ọ bó ṣe ń rùn bíi kábéèjì?"

Àwọn méjèèje tẹrí wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa èémí. Wọn kò gbọ́ òórùn kankan. Wọ́n wo ara wọn, ìyàlẹ́nu sì bò wọ́n, pé ọkùnrin yìí ń gbọ́ òórùn tí ọmọ aráyé kò lè gbọ́. Ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ṣí èkejì, ó ní láìsìn nìyí. Òótọ́ ni. Orí rẹ̀ wú. Ó wá gbé ìdérí ike ẹ̀kẹta kúrò, èyí tí kò sẹ́ni tó ṣí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òórùn náà jáde bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Alága fi ìwé bo imú. Obìnrin kan nínú àwọn àlejò fà sẹ́yìn títí tó fi kan ògiri. Ẹnìkan tilẹ̀ jáde síta. Onímú nìkan ló dúró, ojú rẹ̀ wà nínú ike náà dé etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Èyí kì í rùn rárá. Oògùn èébu ni. Ó di ìgbà òjò."

 Nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí ìwé, áńkáṣíìfù àti àtẹ́lẹwọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó sì rí Màmá tó fi ìbòrí dí imú, tó ń wò ó láti òkè ìbòrí náà. Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan méjì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ ohun tí adìyẹ rẹ̀ ti ń jẹ láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó sì mọ̀ pé gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá náà ló ní irú imú tí òun fi gba orúkọ.

Abẹnugan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti ń ṣàkíyèsí pé oúnjẹ kò rùn mọ́, òun rò pé Bàbá ti rí èyí tí kì í rùn rà ni, òun sì ń dúpẹ́ nínú ọkàn òun.

Onímú dé ike náà. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ti ń gbá fún ọdún méjìlélógún.

Ó ní, "Màmá, imú mi ti kú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ dárí jì mí. Ẹ pe ẹ̀rọ."

 Màmá rìn lọ sídìí òkìtì oúnjẹ tí Onímú pò ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín, ó bu òmíràn ní igun tó jìnnà jù, ó gbé méjèèjì síwájú alága, ó ní kó wò ó dáadáa bóyá ó lè sọ èyí tó ti àárín wá. Alága yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀. Kò lè sọ ọ́.

Màmá wá yíjú sí Onímú. "Ta ló sọ fún ọ pé nítorí imú ni mo ṣe gbà ọ́ síṣẹ́? Láti pálọ̀ mi ni mo ti ń gbọ́ òórùn nǹkan yìí. Gbogbo wa la ní imú. Apá rẹ ni mo gbà síṣẹ́."

Onímú ní ṣebí Màmá ló ní kí imú òun yọ Màmá nínú ìtìjú.

Màmá ní kí ni kí òun ròyìn fún ẹgbẹ́, pé òun ní ọkùnrin kan tó máa ń gbá igun? Ta ló máa wọkọ̀ wá wo ìyẹn? Ó ní ẹ̀rọ tí òun wò, a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ ní igun. Nítorí ìyẹn ni òun ò ṣe tíì rà á láti ọdún mẹ́ta, tí òun kàn ń fi ń dẹ́rù ba ẹnì kan kí imú rẹ̀ má bàa dàgbà ju orí lọ. Ó ní kó dìde, kó kọ orúkọ àwọn ike.

Kò sí kálàmù tó lè kọ̀wé sára ike. Ìyàwó Onímú ló yọ ẹfun ìlàṣọ nínú àpò rẹ̀. Onímú kọ ọ́ gàdàgbà gadagba lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí Abẹnugan dúró tì í tó ń bá a ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kékeré kan wá. Láti ìgbà náà ló ti ń wọn mẹtiónáìnì ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dà á sí oúnjẹ. Kò pé oṣù méjì tí ẹyin fi tóbi padà. Nígbà tó ṣe, ìyẹ́ hù lẹ́yìn àwọn adìyẹ, wọ́n sì bọ́ aṣọ, àfi ọ̀kan tó ń ṣá ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan tirẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Ní ti àwọn àlejò, oko méjì nínú méje ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn rán ẹ̀wù adìyẹ, ti otútù òwúrọ̀ yẹn. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi àpò sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìgbà òjò, Onímú jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń so bàtà iṣẹ́. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

Ó ní, "Ìyá wọn, ẹ̀wà rẹ fẹ́ jóná."

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó bu omi sí ìkòkò, ó tún sáré jáde, ó fọwọ́ lé ẹnu. Ó béèrè láti ìgbà wo ni imú ti jí. Onímú ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin náà ní ó yá, kí òun dé ìborùn, kí àwọn jọ lọ sọ fún Màmá.

Onímú so okùn bàtà rẹ̀ tán, ó dìde.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, dákẹ́. Mo ti pẹ́ síṣẹ́, mi ò tíì gbá igun."